Triathlon Ọlọ́nà Jíjìn àti Iṣẹ́ Àánú ní Abẹ́òkúta: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn tó ń gbaradì fún eré ìje yìí nílùú wa kì í sábà jẹ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ láàárọ̀ Sátidé náà ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọ̀dọ́, òun náà ni wọ́n ń pè tí wọ́n bá fẹ́ pín ìrẹsì fún àwọn opó. Ìbéèrè tí irú wọn máa ń béèrè la kó jọ síbí.

Kí ni wọ́n ń pè ní triathlon ọlọ́nà jíjìn gan-an?

Lílúwẹ̀ẹ́, gígun kẹ̀kẹ́ àti sísáré ni, lọ́jọ́ kan náà, láìsinmi láàárín. Èyí tí wọ́n ń pè ní Ironman jẹ́ kìlómítà 3.8 nínú omi, 180 lórí kẹ̀kẹ́ àti 42.2 lẹ́sẹ̀. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ 1.9, 90 àti 21.1. Hawaii ni wọ́n ti kọ́kọ́ sá a ní oṣù Kejì ọdún 1978. Ènìyàn 15 ló bẹ̀rẹ̀, 12 ló parí. Lóde òní, wákàtí 17 ni ọ̀pọ̀ ibi ń fún ni fún odindi, wákàtí 8 àti ààbọ̀ fún ìdajì. Tí ẹ ò bá tíì sá èyí tó kúrú rí, ìyẹn mítà 750, kìlómítà 20 àti kìlómítà 5, ẹ má tíì fò sórí odindi. Lójú tiwa, ìdajì ló bá ẹni tó ní iṣẹ́, ìdílé àti ẹgbẹ́ àánú mu jù.

Wákàtí mélòó ló ń gbà lọ́sẹ̀? Ṣé àyè á kù fún iṣẹ́ àánú?

Fún ìdajì, wákàtí 6 sí 9 lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 14 sí 20. Fún odindi, wákàtí 8 sí 12, tí ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó le jù sì lè kọjá 13. Àyè máa ń kù. Agbára ni kì í kù, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà: wọ́n á ka wákàtí tí wọ́n fi gun kẹ̀kẹ́, wọn ò ní ka wákàtí tí wọ́n fi dúró nídìí àwo ìrẹsì nínú oòrùn. Ẹsẹ̀ ò mọ̀ pé iṣẹ́ àánú ni. Ó kàn mọ̀ pé òun dúró.

Ẹ fi ìṣirò yìí sínú ìwé ìgbaradì yín. Ẹ mú iye ìṣẹ́jú tí ẹ fi ṣe nǹkan, kí ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú bó ṣe le tó láti 1 dé 10. Kẹ̀kẹ́ wákàtí 4 tó le dé 5 jẹ́ ìṣẹ́jú 240 lọ́nà 5, ìyẹn 1,200. Eré ẹsẹ̀ wákàtí kan tó le dé 6 jẹ́ 360. Ó wá kan pípín oúnjẹ: wákàtí 5 lórí ìdúró, tó le dé 3, jẹ́ 900. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ tún gbé àpò ìrẹsì oníkílò 50 sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ẹ kà á sí 4 tàbí 5. Ó ti dé 1,200 tàbí kó kọjá bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ ìpínfúnni kan ti gba iye tí ọjọ́ kẹ̀kẹ́ gígùn ń gbà. Ẹni tó bá ṣe méjèèjì ní òpin ọ̀sẹ̀ kan ti ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kẹ̀kẹ́ gígùn méjì, kó má ṣe yà á lẹ́nu tí orúnkún bá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún lọ́jọ́ Túsìdeè.

Àròpọ̀ ọ̀sẹ̀ kan kò gbọdọ̀ fi ju ìdá mẹ́wàá lọ kọjá ti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ń ga sókè, ẹ fa ìkẹrin wálẹ̀ tó ìdá mẹ́ta tàbí ìdajì. Ọ̀sẹ̀ kẹrin yìí ni kí ẹ fi iṣẹ́ àánú tó wúwo sí. Ẹ̀yin lẹ máa ń mọ ọjọ́ tí ìpínfúnni máa bọ́ sí ṣáájú, torí náà ẹ to ìgbaradì yín yí i ká, kì í ṣe kí ẹ máa bẹ ẹgbẹ́ lọ́jọ́ tó bá ku ọ̀la.

Ọ̀sẹ̀ kan ṣe máa ń rí, ní pàtó?

Èyí bá ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì tàbí tó ní ṣọ́ọ̀bù mu, fún ìdajì. Mọ́ńdè: ìsinmi, ọjọ́ tó dára fún ìpàdé ẹgbẹ́. Túsìdeè, aago 5:30 àárọ̀: eré ẹsẹ̀ ìṣẹ́jú 50, kí ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta lọ́nà mẹ́fà nínú rẹ̀ yára. Wẹ́sìdeè ìrọ̀lẹ́: omi, mítà 1,800 sí 2,200. Tọ́sìdeè: kẹ̀kẹ́ nínú ilé, lórí irin ìdúró tó ń di kẹ̀kẹ́ mú, ìṣẹ́jú 75. Fúráìdeè àárọ̀: omi lẹ́ẹ̀kan sí i, ìṣẹ́jú 40, kó má baà dí Jímọ̀ lọ́wọ́. Sátidé: kẹ̀kẹ́ wákàtí 2 àti ààbọ̀ sí 4, kí ẹ bọ́ sílẹ̀ kí ẹ sì sáré ìṣẹ́jú 20 lójú ẹsẹ̀, torí ẹsẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí kẹ̀kẹ́ máa ń wúwo, ó sì yẹ kó mọ ìwúwo náà ṣáájú ọjọ́ eré. Sọ́ńdè: eré ẹsẹ̀ gígùn, wákàtí kan àti ààbọ̀ tàbí méjì, yálà kí ẹ tó lọ sí ìsìn tàbí láago 4:30 ìrọ̀lẹ́.

Ó ti tó wákàtí 8, ó sì lè sún mọ́ 10 ní ọ̀sẹ̀ tó le jù. Ẹ fi wákàtí 2 sí 3 sílẹ̀ fún iṣẹ́ àánú tó dúró sójú kan, ní ọjọ́ kan náà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Tó bá di pé ohun kan gbọ́dọ̀ já bọ́, ẹ yọ kẹ̀kẹ́ Tọ́sìdeè. Ẹ má yọ oorun. Ẹni tó ń sùn fún wákàtí 5 tó ń gbaradì fún wákàtí 9, ara rẹ̀ kò ní jèrè wákàtí 9 náà.

Sátidé ni òde, Sátidé ni ìsìnkú, Sátidé náà ni ìpínfúnni oúnjẹ. Báwo ni kí n ṣe é?

Òótọ́ ni, Sátidé Abẹ́òkúta kì í ṣe ti ẹnì kan. Ẹ gba kàlẹ́ńdà, kí ẹ kọ òde tí ẹ ò lè yẹ̀ sílẹ̀ pátápátá fún oṣù mẹ́ta: ìgbéyàwó àbúrò, ìsìnkú ìyá ọ̀rẹ́. Ẹ̀yìn náà ni kí ẹ kọ ọjọ́ iṣẹ́ àánú. Kẹ̀kẹ́ gígùn á wá bọ́ sí èyí tó bá kù. Lọ́jọ́ òde, ẹ gbé kẹ̀kẹ́ lọ sí Sọ́ńdè ìrọ̀lẹ́ tàbí kí ẹ dín in kù sí ìṣẹ́jú 90 nínú ilé kí ẹ tó wọ aṣọ ẹbí. Ẹ má gbìyànjú láti san gbèsè rẹ̀ padà ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e; ìgbaradì tó ti lọ ti lọ.

Ohun mìíràn tó ń ṣiṣẹ́ ni àáró. Ẹ bá ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ ṣe àdéhùn: ó bá yín dúró ní Sátidé tó le jù lọ nínú ìgbaradì yín, ẹ̀yin náà á bá a dúró lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn eré. Àdéhùn tó lójú nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa sọ pé ẹ já òun jù sílẹ̀.

Irú iṣẹ́ àánú wo ló bá ìgbà wo mu?

Ní oṣù àkọ́kọ́, tí ìgbaradì ṣì fúyẹ́, ẹ lè ṣe èyíkéyìí: gbígbé ẹrù, gbígbá àyíká, kíkun ilé ìwé. Láàárín, ẹ yan èyí tí wọ́n ń jókòó ṣe: kíkọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, ṣíṣe ìwé owó ẹgbẹ́, pípe àwọn tó ṣèlérí owó. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta tó kẹ́yìn, tí ẹ ti ń dín ìgbaradì kù, ó máa ń dà bíi pé àyè ti yọ, àwọn ẹgbẹ́ á sì rí i pé ọwọ́ yín dilẹ̀. Ẹ má fi kún un. Ìsinmi yẹn gan-an ni iṣẹ́.

Ẹ ṣọ́ra fún ilé àwọn ọmọdé àti ilé ìwòsàn ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú eré, torí ikọ́ àti òtútù. Ẹ lọ ṣáájú, tàbí kí ẹ dúró dìgbà tí ẹ bá dé.

Ṣé mo lè fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ nígbà tí mo ń gbaradì?

Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ẹ mọ ìgbà tí ẹ máa fi í sí. Nǹkan bíi mílílítà 450 ni wọ́n ń gbà. Omi inú ẹ̀jẹ̀ á padà láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Sẹ́ẹ̀lì pupa tó ń gbé afẹ́fẹ́ ọ́síjìn lọ sínú iṣan kì í yára bẹ́ẹ̀: ọ̀sẹ̀ 4 sí 8 ló máa ń gbà, èròjà irin inú ara sì lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí eré tó rọrùn fún yín lọ́sẹ̀ tó kọjá fi máa ń mú yín mí hẹlẹ. Kì í ṣe pé ẹ ti ya ọ̀lẹ.

Torí náà, ẹ fi í sí ìbẹ̀rẹ̀ ìgbaradì tàbí lẹ́yìn eré, kó má sún mọ́ eré ju ọ̀sẹ̀ 8 lọ. June 14 ni ọjọ́ àwọn olùtọrẹ ẹ̀jẹ̀ lágbàáyé, ìgbà tí ìpè máa ń pọ̀. Ẹni tó ní eré ní oṣù Keje, kó lọ ràn wọ́n lọ́wọ́ nídìí tábìlì ìforúkọsílẹ̀ dípò kó na apá. Lọ́jọ́ tí ẹ bá tọrẹ, ẹ mu omi lítà kan sí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ má fi apá náà gbé ẹrù, ẹ má sì ṣe ìgbaradì kankan títí dọjọ́ kejì. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ yọ gbogbo eré tó yára. Ẹ̀dọ̀, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ń dá irin padà. Ẹ jẹ ọsàn tẹ̀ lé e kó lè wọ ara, kí ẹ sì sún tíì jìnnà sí oúnjẹ, torí ó máa ń dí irin lọ́wọ́. Ó kéré tán, oṣù mẹ́ta gbọ́dọ̀ wà láàárín ìtọrẹ kan àti èkejì, ti obìnrin sì yẹ kó gùn jù bẹ́ẹ̀.

Tí wọ́n bá wá pè yín láti ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ (FMC) ní Ìdí-Abà pé aláboyún kan nílò ẹ̀jẹ̀ lálẹ́ yìí, tí ẹ̀jẹ̀ yín sì bá tirẹ̀ mu? Ẹ lọ. Eré ìje á tún wáyé lọ́dún tó ń bọ̀.

Níbo ni mo ti lè lúwẹ̀ẹ́? Ṣé mo lè lo Odò Ògùn tàbí ìsédò Ọ̀yán?

Rárá sí méjèèjì. Odò Ògùn tó la ìlú já ń gba ìdọ̀tí láti ọ̀pọ̀ gọ́tà, ìṣàn rẹ̀ sì lè yí padà lójijì nígbà òjò, torí wọ́n máa ń tú omi sílẹ̀ láti ìsédò Ọ̀yán. Ti Ọ̀yán fúnra rẹ̀, omi tó dákẹ́ rọ́rọ́ lójú ni, àmọ́ àtọ̀sí ajá ti pẹ́ ní àwọn abúlé tó yí i ká. Àwọn ìgbín kéékèèké inú omi ló ń gbé kòkòrò rẹ̀, kòkòrò náà sì ń gba awọ ara wọlé láìsí ojú egbò. Ẹni tó bá ti wẹ̀ níbẹ̀ rí, tó wá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó lọ ṣe àyẹ̀wò ìtọ̀. Oògùn praziquantel ni wọ́n fi ń wò ó, kò sì wọ́n. (Ẹgbẹ́ tó bá ń wá iṣẹ́ àánú tó bá eré yìí tan, kíkó àwọn ọmọ abúlé bẹ́ẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò nìyẹn.)

Adágún ìlúwẹ̀ẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì ló kù. Ẹ má gba gígùn tí wọ́n bá sọ fún yín gbọ́. Ẹ mú téèpù lọ. Ọ̀pọ̀ wọn kò tó mítà 25. Tó bá jẹ́ 20, mítà 1,900 jẹ́ àlọ tàbí àbọ̀ 95, mítà 3,800 sì jẹ́ 190. Ẹ ṣàkíyèsí pé yíyí àti títi ògiri ń fún yín ní ìsinmi tí òkun kò ní fún yín, torí náà nínú adágún kúkurú, ẹ fi ìdá mẹ́wàá kún iye tí ẹ máa lú. Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ ló máa ń ṣófo. Ẹ bá máníjà sọ̀rọ̀ nípa owó oṣù. Tí ẹgbẹ́ yín bá sì fẹ́ máa kọ́ àwọn ọmọ ní ìlúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀, ẹ lè gba ẹ̀dínwó fún gbogbo yín lẹ́ẹ̀kan náà. Kò gbọdọ̀ ju ọmọ mẹ́rin lọ fún olùkọ́ kan, kí ẹnì kan tí kò wọ omi sì máa ṣọ́ gbogbo wọn.

Láti mọ omi gbalasa láìwọ odò: ẹ jẹ́ kí ènìyàn mẹ́rin lúwẹ̀ẹ́ pọ̀ lójú ọ̀nà kan kí ara máa kan ara, ẹ dijú títí ẹ fi máa fi ọwọ́ fa omi lẹ́ẹ̀mẹfà, ẹ gbójú sókè wo iwájú, kí ẹ tún dijú. Ẹni tí àlọ rẹ̀ bá ń wọ́ sí ọ̀tún á rí i kíá. Fún ẹni tó ń lọ sá a ní Gqeberha, Gúúsù Áfíríkà, òkun ibẹ̀ tutù, ẹ máa nílò aṣọ rọ́bà. Ẹ wọ̀ ọ́ nínú adágún lẹ́ẹ̀mẹta ó kéré tán, ìṣẹ́jú 15 péré lẹ́ẹ̀kan, torí omi tiwa gbóná.

Ọ̀nà wo ló dáa fún kẹ̀kẹ́?

Ẹ yẹra fún ọ̀nà Èkó tó gba Ewékorò. Tírélà sìmẹ́ńtì ló ni ín. Ọ̀nà tó gba Ọ̀dẹ̀dá lọ sí Ìbàdàn ń gùn sókè-sódò, ó sì dára fún ẹsẹ̀, àmọ́ ẹ má dá nìkan lọ, ẹ má sì bọ́ sí òpópó tó jáde nílùú kí ilẹ̀ tó mọ́ kedere. Ènìyàn mẹ́rin sí mẹ́fà, iná pupa lẹ́yìn tó ń ṣẹ́jú kódà lọ́sàn-án, kí gbogbo yín sì ti padà wọlé kó tó di aago 10. Ẹ bá àwọn Special Marshal ti FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, sọ̀rọ̀: àwọn náà yọ̀ǹda ara wọn ni, wọ́n mọ ibi tí ọ̀nà ti bàjẹ́, wọ́n sì lè sọ fún yín ọjọ́ tí ọ̀nà kan máa há. Fún ìgbaradì ìṣẹ́jú 60 sí 90, agbègbè Òkè-Mosán láàárọ̀ Sọ́ńdè ti tó.

Èyí tó kù, ẹ fi kẹ̀kẹ́ sórí ìdúró nínú ilé. Ẹ ra irú èyí tí kò nílò iná mànàmáná. Iná lè lọ, ẹsẹ̀ yín ò ní dúró. Fáànù ló nílò iná, láìsí fáànù ooru ara lè ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ gbé e síta sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí iná ò bá sí.

Táyà mi ń jò ní gbogbo ìgbà. Kí ló fà á?

Ẹ wo ibi tí ihò náà wà kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́. Ihò méjì kéékèèké tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: afẹ́fẹ́ kéré jù, ẹ wọ kòtò, rímù sì fi túùbù gún ilẹ̀. Ihò tó wà ní ẹ̀gbẹ́ inú, níbi rímù: téèpù rímù ti yẹ̀, orí sípóòkù ló ń gún un. Ihò kan péré ní ẹ̀gbẹ́ ìta: ẹ̀gún tàbí wáyà, èyí ló sì wọ́pọ̀ jù. Táyà tírélà tó fọ́ sójú ọ̀nà máa ń fọ́n wáyà tín-ínrín sílẹ̀, wáyà ọ̀hún á wọnú táyà yín, ojú kò ní rí i. Ẹ mú òwú díẹ̀, kí ẹ fi nu inú táyà yí po. Ibi tí òwú bá ti há, ibẹ̀ ló wà. Ẹ fi pínsà fà á jáde. Ẹni tó bá pààrọ̀ túùbù láìfa wáyà jáde á tún un ṣe lẹ́yìn kìlómítà méjì.

Lílẹ̀ gbígbóná ti fọ́kánáísà máa ń jó túùbù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ lo gọ́ọ̀mù àti pátì: ẹ fi pépà sáńdì ha á, ẹ fi gọ́ọ̀mù sí i, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 5 títí tí kò fi ní dán mọ́, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tẹ pátì mọ́ ọn. Ìkánjú ló ń jẹ́ kó ṣí. Ẹnu túùbù eré sì tín-ínrín, họ́ọ̀sì fọ́kánáísà kì í wọ̀ ọ́. Ẹ ra ìdè bàbà kékeré tí wọ́n ń dè mọ́ ọn, kò wúwo, ẹ fi sápò. Ohun tí ẹ máa gbé: túùbù méjì, ọ̀pá ìṣítáyà méjì, póńpù, pátì, kọ́kọ́rọ́ onígun mẹ́fà nọ́ńbà 4 àti 5. Fún ẹni tó wọn kílò 70, táyà tó fẹ̀ tó mílímítà 28 ń fẹ́ afẹ́fẹ́ 65 sí 75 psi.

Sísáré ńkọ́?

Pápá ìṣeré MKO Abíọ́lá ní Kútọ̀ fún eré tó yára. Fún eré gígùn, òkè ló pọ̀ nílùú wa, ẹ rìn gun èyí tó ga jù láìtijú. Ẹ má kọjá wákàtí 2 àti ààbọ̀ sí 3 lẹ́ẹ̀kan, àní fún odindi.

Kí ni mo máa jẹ, kí ni mo máa mu?

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú: làfún tàbí ìrẹsì, ọbẹ̀ tí epo rẹ̀ kò pọ̀, ẹja. Ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ rẹpẹtẹ, ẹ fi í sí ọjọ́ mìíràn. Lórí kẹ̀kẹ́ ni inú á ti máa ru. Láàárọ̀: ẹ̀kọ pẹ̀lú ṣúgà tàbí búrẹ́dì, wákàtí 2 sí 3 ṣáájú.

Ohun mímu ilé: omi lítà kan, ṣúgà ṣíbí ìjẹun 5 tí ẹ gé lójú (ó tó gíráàmù 60), iyọ̀ ìdá mẹ́rin ṣíbí tíì, oje ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀. Ẹ má fi ṣúgà kún un kó lè dùn. Tó bá ti nípọn jù, kì í tètè kúrò nínú ikùn, èébì ló ń fà. Wákàtí kọ̀ọ̀kan lórí kẹ̀kẹ́, ẹ máa fẹ́ gíráàmù 60: mílílítà 600 ohun mímu yìí pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tó tó. Àwọn tó bá ń mu omi nìkan ṣoṣo, tó ń mu ún láìdúró, wà nínú ewu mìíràn: iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ á lọ sílẹ̀, orí á fọ́, ọwọ́ á wú, ọ̀rọ̀ á máa dàrú. Ẹ wọn ara yín láìwọṣọ ṣáájú àti lẹ́yìn eré wákàtí kan. Kílò kan tó dín jẹ́ lítà kan tó jáde. Ẹ dá nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ padà ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kò gbọdọ̀ ju ohun tó jáde lọ.

Lọ́jọ́ ìpínfúnni, ẹ gbé ìgò tiyín lọ. Àwọn tó ń bu oúnjẹ fún ẹni 300 ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé láti jẹun.

Mo ń gba ààwẹ̀. Mo tún wà nínú àwọn tó ń se oúnjẹ ìṣínu.

Ẹ yan eré tó jìnnà sí Ìtúnu Ààwẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Nínú ààwẹ̀, ìṣẹ́jú 40 sí 60 tó rọrùn, kó parí bí ìrun Mọ̀gáríbì bá ti ń wọlé, tàbí lẹ́yìn Àṣámù. Lọ́jọ́ tí ẹ bá dúró nídìí iná, ẹ má ṣe ìgbaradì kankan ṣáájú ìṣínu. Ooru iná àti òùngbẹ ti tó. Fún àwọn tó ń lọ àìsùn ní ṣọ́ọ̀ṣì: ẹ má gun kẹ̀kẹ́ lójú títì láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Mo fẹ́ fi eré mi kó owó jọ fún aláìsàn tàbí ilé ìwé. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Láti orí àkáǹtì. Ẹ má gba náírà kan sínú àkáǹtì ara yín. Ẹ bá ẹgbẹ́ tó ti forúkọ sílẹ̀ ní CAC (àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀) lọ, ẹ gba lẹ́tà àṣẹ, kí owó máa wọ àkáǹtì wọn tààrà. Dídá ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀ nítorí eré kan ṣoṣo kò lérè: ẹ ní láti yan àwọn olùtọ́jú, kí ẹ gbé ìkéde sínú ìwé ìròyìn méjì, kí ẹ fi ọjọ́ 28 sílẹ̀ fún ẹni tó bá lòdì sí i, kí ẹ forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú SCUML (ẹ̀ka ìjọba tó ń gbógun ti fífọ owó ìwà ọ̀daràn mọ́), kí ẹ sì máa fi ìwé ọdọọdún ránṣẹ́ láàárín June 30 sí December 31.

Lẹ́yìn náà, ẹ so ẹ̀jẹ́ mọ́ kìlómítà. Odindi jẹ́ kìlómítà 226. Ẹni tó bá ṣèlérí ₦500 fún kìlómítà kan yóò san ₦113,000. Ìdajì jẹ́ 113, ìyẹn ₦56,500. Ẹ sọ àpapọ̀ náà fún un kó tó fọwọ́ sí i, torí ₦500 máa ń dà bí owó kékeré. Ẹ gbà á ṣáájú ọjọ́ eré. Lẹ́yìn eré, ìlérí a máa tutù. Kí ẹ sì sọ ọ́ gbangba pé owó náà kò dúró lórí bóyá ẹ parí, nítorí ìrìn-àjò lè dàrú, táyà lè fọ́, àìsàn lè dé, ọmọ tí ẹ ń kówó fún kò mọ̀ nípa ìyẹn.

Owó kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ òfuurufú àti ìforúkọsílẹ̀ yín, àpò yín ni kó ti jáde. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìkówójọ ti ń dìjà: àwọn èèyàn á rò pé wọ́n san fún ìgbafẹ́ ẹnì kan. Fún aláìsàn, ẹ san owó sí àkáǹtì ilé ìwòsàn pẹ̀lú nọ́ńbà fáìlì rẹ̀, ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ bo orúkọ rẹ̀ kí ẹ tó fi hàn. Ẹ má gbé fọ́tò ojú rẹ̀ síta, ìbáà jẹ́ pé ó ní ó dáa; ẹni tó nílò owó iṣẹ́ abẹ kì í fẹ́ sọ pé rárá.

Ẹgbẹ́ wa fẹ́ pín omi fún àwọn asáré. Báwo la ṣe ń ṣe é?

Iṣẹ́ yìí bá ẹni tó ń gbaradì mu gan-an, torí ẹ̀kọ́ wà nínú ẹ̀. Fún asáré 200 lójú ibùdó kan, àpò pure water 10, ogún-ogún nínú àpò, àti méjì sí i nítorí àwọn tó ń dà á sórí. Ènìyàn 6 sí 8. Ẹ fi tábìlì síbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, kì í ṣe ní kọ́nà tàbí ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ di igun ọ̀rá mú, ẹ jẹ́ kó fì. Tí ẹ bá di àárín rẹ̀ mú, á bẹ́ sí yín lára bí asáré bá ti gbà á. Ẹ máa rìn díẹ̀ tẹ̀ lé ibi tí asáré ń lọ bí ẹ ti ń fún un. Ẹ gbé dúrọ́ọ̀mù ìdọ̀tí sí mítà 50 àti 100 níwájú, ìdí ni pé ibẹ̀ ni ọ̀rá á ti ṣófo, kì í ṣe nídìí tábìlì yín. Ẹni méjì dúró ṣa ọ̀rá títí asáré ìkẹyìn fi kọjá.

Ìgbà wo ni kí n dá gbogbo ẹ̀ dúró?

Ibà: ẹ ṣe àyẹ̀wò, ẹ má sáré. Ẹ dúró di wákàtí 48 lẹ́yìn tí ara bá ti tutù, kí ẹ padà pẹ̀lú ìdajì. Ẹ máa ka bí ọkàn ṣe ń lù fún ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó dìde lórí ibùsùn. Tó bá fi 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ga ju ti tẹ́lẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sinmi, ẹ sì yọ iṣẹ́ àánú tó wúwo pẹ̀lú. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ bá dáwọ́ dúró lè máa jẹun kéré sí iṣẹ́ tó ń ṣe. Àyà tó ń dunni, tàbí ìtọ̀ tó dúdú lẹ́yìn eré tó le: ilé ìwòsàn, lọ́jọ́ yẹn gan-an. Àwọn tó jẹ́ AS, ẹ fi ọjọ́ 10 sí 14 mú ara mọ́ oòrùn díẹ̀díẹ̀, ẹ má sì forí tì í tí iṣan bá ń dùn tó sì ń rọ láàárín eré.

Báwo ni mo ṣe máa sọ fún alága tàbí Ìyá Ìjọ pé mi ò lè wá?

Ní tààrà, ní kùtùkùtù, pẹ̀lú ohun tí ẹ máa ṣe dípò. Ẹ má purọ́ pé ara yín ò yá. Ẹnì kan á rí yín lórí kẹ̀kẹ́ ní Pansẹ́kẹ́. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù, ẹ má kọ ọ́ sínú WhatsApp ẹgbẹ́. Irú èyí máa ń ṣiṣẹ́: “Ẹ káàárọ̀ o, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, ní Sátidé kẹta oṣù yìí, mi ò ní lè bá yín gbé oúnjẹ. Mo ti bá Bùnmi sọ̀rọ̀, ó máa dúró fún mi. Mo máa ṣe ìwé àwọn opó sílẹ̀ ní Tọ́sìdeè, mo sì máa wà níbẹ̀ fún ti oṣù tó ń bọ̀.” Tí wọ́n bá bínú díẹ̀, ẹ fara mọ́ ọn.

Lẹ́yìn eré ńkọ́?

Ọ̀sẹ̀ kan láìsáré rárá fún ìdajì, méjì fún odindi. Ẹ lè rìn, ẹ lè lúwẹ̀ẹ́ jẹ́jẹ́. Iṣẹ́ àánú orí ìjókòó lè bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kẹta. Gbígbé àpò ìrẹsì, lẹ́yìn ọjọ́ 10. Láàárín ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ fi ìṣirò owó ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó san: iye tó wọlé, iye tó jáde, nọ́ńbà rìsíìtì. Kí ẹ sì san gbèsè àáró tí ẹ jẹ kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀ fún eré mìíràn.